Ibi Tí Wọn Kì í Sá Kòkó Sí

Òórùn kòkó ló mú mi sọ̀ kalẹ̀. Ọkọ̀ wa dúró ní Orè kí èrò lè jẹun, ni tírélà tó kó kòkó bá wá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Mo gbé báàgì mi, mo ní kí dẹ́rẹ́bà máa lọ. Ọlọ́kadà kan gbé mi dé Odígbó. Mo ti gbọ́ pé wọ́n ń fọ́ sìmẹ́ǹtì àtijọ́ tí wọ́n ń sá kòkó lé láti fi kọ́ ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀, ẹ̀rù sì ń bà mí pé wọ́n á ti fọ́ ohun kan ṣoṣo tó ṣẹ́ kù lára Fọlákẹ́.

Ẹ̀yin ọmọ òní, tẹ́ ẹ bá fẹ́ fẹsẹ̀ ara yín rin àdúgbò àtijọ́ yìí, ẹ bẹ̀rẹ̀ nídìí igi odán tí wọ́n ti gé. Ẹ ó mọ ibẹ̀, torí àwọn ọlọ́kadà ṣì ń dúró síbẹ̀ bí ẹni pé ibòji wà. Ẹ yà sápá òsì, láàárín àwọn ilé alámọ̀ tí páànù wọn ti dípẹtà. Bí mo ṣe ń lọ níbẹ̀, mò ń gbọ́ ẹsẹ̀ kékeré lẹ́yìn mi. Mo bojú wẹ̀yìn, àṣé ewúrẹ́ ni! Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ ara mi ò balẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi ni Fọlákẹ́, ilé wa kọjú síra. Aláriwo ọmọ ni, tó bá ń rẹ́rìn-ín, adìyẹ á sá. Nígbà tí bàbá rẹ̀ da sìmẹ́ǹtì síwájú ilé láti máa sá kòkó, ó kìlọ̀ pé kí ọmọ kankan má débẹ̀. Ṣé Fọlákẹ́ gbọ́? Kò tíì gbẹ tó fi fò sí i, gbì! Bàbá figbe ta: "Ọmọ yìí, o ò ní pa mí!" Sìmẹ́ǹtì tó kù kò tó láti fi dí ojú ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ní ó di ẹ̀yìn ìkórè. Ìkórè ò tíì parí tí ibà fi mú Fọlákẹ́ lọ. Kò sẹ́ni tó ya fọ́tò rẹ̀ rí.

Bàbá ò dí i mọ́. Ìyá rẹ̀ kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sá kòkó sójú ẹsẹ̀ náà. Bí òjò bá rọ̀ tí omi dúró sínú rẹ̀, á wá jókòó tì í. Àwa ọmọdé máa ń gba ẹ̀yìnkùlé lọ sílé, ká má bàa dí i lọ́wọ́.

Ilé tiwa ti di ibi tí wọ́n ti ń ṣáájì fóònù. Tàwọn Fọlákẹ́ ṣì wà, ṣùgbọ́n àjèjì ló ń gbébẹ̀. Ọ̀dọ́bìnrin kan ń fẹsẹ̀ tú kòkó lórí sìmẹ́ǹtì náà. Kòkó bo gbogbo rẹ̀, àfi ibì kan láàárín.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Kí ló dé tẹ́ ẹ fi ibẹ̀ sílẹ̀?"

"Bá a ṣe bá a nìyẹn, mà. Àwọn tó gbébẹ̀ ṣáájú wa náà kì í sá a síbẹ̀. A ò mọ ìdí ẹ̀."

Mo bẹ̀rẹ̀, mo gbọ́wọ́ lé ojú ẹsẹ̀ náà. Àwọn ọmọ ìka rẹ̀ ṣì hàn kedere. Oòrùn ti mú un gbóná, bí ẹni pé Fọlákẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ fò kúrò níbẹ̀ ni. Mo sunkún, ojú ò tì mí. Gbogbo ẹni tó bímọ yìí, tó gbé e pọ̀n, ti kú tán, síbẹ̀ àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rí ṣì ń yà fún un.

"Fọlákẹ́ ló ń jẹ́," mo wí.

Ọ̀dọ́bìnrin náà wo ojú ẹsẹ̀ náà. "Fọlákẹ́," ó ní, "pẹ̀lẹ́ o." Ló bá rọra fẹsẹ̀ gbá kòkó sẹ́yìn díẹ̀ sí i, kí àyè rẹ̀ lè fẹ̀.