Gìtá Òsì, Dùùrù Ọ̀tún

Òórùn ọ̀dà gbígbóná ni mo fi ń rántí àwọn ọdún yẹn. Wọ́n ń fẹ ọ̀nà ńlá Lẹ́kkí lójú nígbà náà, eruku rẹ̀ ti wọ gbogbo aṣọ tí mo ní, bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ wa a sì máa rìn bí ìgbín láti Ajah dé ọ́fíìsì ní Oniru. Ó ti máa ń rẹ̀ mí kí n tó débi iṣẹ́. Bí o bá ti gbé apá ibẹ̀ rí, o mọ irú àárẹ̀ tí mo ń wí, èyí tí oorun ò lè wò sàn.

Ẹnì kan ṣoṣo ló ń mú kí n wọ bọ́ọ̀sì yẹn láìbínú, obìnrin kan tó ń bá wa ṣiṣẹ́, tí gbogbo wa ń pè ní Àǹtí. Jakande ni wọ́n ti máa ń wọlé bá wa. Ìjọ aláṣọ funfun ni wọ́n ń lọ, àwọn gan-an ló ń darí akọrin níbẹ̀, síbẹ̀ orin mẹ́tàlì ni wọ́n fẹ́ràn jù, irú èyí tí wọ́n ń pè ní pirogirẹ́sìfù: gìtá tó ń bú ramúramù, ìlù tó ń yí ẹsẹ̀ padà gẹ́rẹ́ tí o bá ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ọ́n jó, orin kan ṣoṣo tó lè gùn tó ìwàásù. Ta lo fẹ́ bá sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì? Ọjọ́ tí a mọ̀ pé orin kan náà la fẹ́ràn, ńṣe ló dà bí ẹni pé ọmọ ìyá méjì pàdé lẹ́yìn odi.

A ní òfin. Ẹni tó bá fẹ́ kí èkejì gbọ́ orin kan kò gbọdọ̀ júwe rẹ̀ ṣáájú. Ó gbọ́dọ̀ jókòó tì í kí wọ́n jọ gbọ́ ọ tán, kí ẹnikẹ́ni má fò ó. Íìpíìsì kan la sì ń lò, apá òsì tèmi, apá ọ̀tún ti Àǹtí. Etí kejì wà fún dírẹ́bà, torí nírọ̀lẹ́, bí ó bá pe ibùdókọ̀ rẹ tí o kò dáhùn, yóò gbé ọ kọjá ni. Àwọn tó wà lẹ́yìn sọ wá ní Ẹlẹ́tí-kan.

Lọ́dún tí a sin bàbá mi, orin kan ló gbé mi dúró. Láàárín rẹ̀, gbogbo ariwo á rọlẹ̀, gìtá kan á wá máa sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ẹnu ọ̀nà yàrá ìyá mi ni mo ti máa ń gbọ́ ọ, pẹ̀lú etí òsì nìkan, kí n lè gbọ́ wọn bí wọ́n bá pè mí. Ó pẹ́ kí n tó láyà láti mú un wá fún Àǹtí.

Nígbà tí orin náà parí láàárọ̀ ọjọ́ tí mo mú un wá, mo ní, "Àǹtí, gìtá àárín yẹn ńkọ́?"

"Gìtá wo? Dùùrù ni mo gbọ́ níbẹ̀ o. Ó dùn gan-an ṣá."

"Àǹtí, ẹ ti sùn lọ nìyẹn."

"Èmi? Mo gbọ́ gbogbo ẹ̀! Àbí o fẹ́ fi mí ṣeré ni?"

Ó dùn mí wọra. Ohun tó gbé mi la ikú bàbá mi já ni mo kó lé wọn lọ́wọ́, mo sì rò pé wọ́n fi ṣe orin àfisùn ni. Àwọn náà bínú. Láti ọjọ́ kejì, iwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà ni wọ́n ń jókòó. Ọ̀nà wá gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo fi orin dí etí, kò dùn, mo pa á, èrò bọ́ọ̀sì ń hanrun. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé kì í ṣe orin nìkan ló ń gbé mi dé Oniru.

Ní Sátidé kan, ìyá mi lọ kí àbúrò wọn, ilé sì dákẹ́. Mo fi íìpíìsì sí etí méjèèjì. Orin dé àárín, gìtá mi bẹ̀rẹ̀ ní òsì. Dùùrù dá a lóhùn ní ọ̀tún. Mo dìde dúró. Àwọn tó kọ orin náà ti fi ohun èlò kan sí apá kọ̀ọ̀kan kí wọ́n lè máa bá ara wọn sọ̀rọ̀, àwa sì pín in jẹ bí ẹní pín àkàrà. Wọ́n ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Èmi ti pe àgbà ní olóorun.

Ní Mọ́ńdè, mo lọ bá wọn níwájú. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ fi méjèèjì sétí."

Wọ́n wò mí títí kí wọ́n tó gbà á. Wọ́n kọjú sí fèrèsé, a sì ti dé Lẹ́kkí Phase 1 kí wọ́n tó yọ ọ́. Omi wà lójú wọn.

"Àbúrò mi, àṣé gìtá wà níbẹ̀ lóòótọ́."

"Dùùrù náà wà níbẹ̀, mà."

Dírẹ́bà ní, "Ẹlẹ́tí-kan ti di ẹlẹ́tí-méjì! Wàhálà ti tán nìyẹn."

Ọ̀nà ti dán báyìí, Àǹtí ti kó lọ sí Ìbàdàn, àárẹ̀ mi kò sì lọ síbì kankan. Wọ́n ṣì máa ń fi orin ránṣẹ́ sí mi, láìjúwe. Mo mọ̀ dáadáa pé etí méjèèjì ló yẹ kí n fi gbọ́ ọ, mo sì máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ tó bá yá. Ṣùgbọ́n apá ọ̀tún nìkan ni mo kọ́kọ́ máa ń fi sétí, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nítorí ibẹ̀ ni Àǹtí máa ń jókòó.