Ọmọ Tó Lọ Ìrìn Àjò Láì Kúrò Nílé

Àkànní ọkọ mi. Àkànní ọmọ agbẹ́gi-má-fi-igi-ṣòfò, ọmọ a-ṣe-ilẹ̀kùn-fọ́ba-má-gbàgbé-tálákà. Ọmọ onílé tí kì í ti ilẹ̀kùn mọ́ àlejò, ọmọ a-gbúròó-ẹsẹ̀-tẹ́ní-sílẹ̀. Dúdú tó ń dán bí igi ìrókò tí a fi òróró pa. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún mú òòlù, ó fi tòsì fa ọmọ mọ́ra. Sùn re o, Àkànní.

Gbogbo ẹni tó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí ni mo mọ orúkọ wọn, títí kan ọmọ òyìnbó tó wà nínú kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n wọ́n wà láyé, wọn ò sì rán mi níṣẹ́. Oríkì ẹni tó ti lọ nìkan ni mo kọ síbí.

Ilé ọmọ wa obìnrin ní Grayson, ní ìpínlẹ̀ Georgia l'Amẹ́ríkà, là ń gbé. Nọ́ọ̀sì ni, Norcross ló ti ń ṣiṣẹ́. Kí ọkọ mi tó dùbúlẹ̀ àìsàn, ọdún mẹ́rìnlá ló fi kan pallet ní warehouse kan ní Forest Park. Káfíńtà tó ti ṣe ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì àti ti ilé ẹjọ́ nílé, ó dé Amẹ́ríkà, ó wá ń kan pákó tí wọ́n ń to páálí lé lórí. Kò ráhùn. Ó ní ìṣó ò mọ orílẹ̀-èdè.

Ọmọ wa àti ọkọ rẹ̀ ń lọ sí ìjọ àwọn Mọ́mọ́nì. Àwa arúgbó méjèèjì ń lọ sí ìjọ àwọn ọmọ Nàìjíríà wa. Bó bá di Sunday, mọ́tò méjì ló ń jáde nílé, ọ̀kan á yà sọ́tùn-ún, èkejì á yà sósì, ìkòkò ọbẹ̀ kan náà la sì ń padà wá bá. Kò sí ìjà.

Nígbà tí ọmọ wọn ọkùnrin pé ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, ìjọ wọn pè é pé kó lọ wàásù ní Brazil fún ọdún méjì. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe: ọ̀dọ́ á fi ilé sílẹ̀, á kọ́ èdè ibi tó ń lọ, á máa lọ láti ojúlé dé ojúlé. Ilé ẹ̀kọ́ kan wà ní Utah tí wọ́n ti ń kọ́ wọn kí wọ́n tó gbéra. Ṣùgbọ́n ọdún àrùn kòrónà ni. Wọ́n ní kí kálukú kọ́ ẹ̀kọ́ náà nínú yàrá ara rẹ̀, lórí kọ̀ǹpútà, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, olórí ìjọ wọn gbàdúrà fún un, ó yà á sọ́tọ̀. Láti ìṣẹ́jú yẹn lọ, oníṣẹ́ ìwàásù ni. Kò gbọdọ̀ wo tẹlifíṣọ̀n, kò gbọdọ̀ ta géèmù, aago mẹ́fà ààbọ̀ ló sì gbọdọ̀ jí. Wọ́n fún un ní káàdì dúdú kan tó ń fi sí àyà, wọ́n kọ Elder síwájú orúkọ rẹ̀. Ọkọ mi gba káàdì náà, ó gbé awò sójú.

"Elder? Ṣé àgbà nìyẹn?"

"Yes sir, Bàbá."

"Àgbà tí ìyá rẹ̀ ṣì ń bá fọ ṣòkòtò?"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ò pé ọ̀sẹ̀ kan nílé wa.

Tẹ́lẹ̀, bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ọmọ yìí ló ń kọ́kọ́ wọlé tọ̀ wá. Látìgbà tó ti ń rìn tá-tà-tá ni bàbá rẹ̀ àgbà ti kọ́ ọ pé kó dọ̀bálẹ̀ kó kí ni kó tó fẹnu kan omi. Nígbà tí ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀, a ò rí i mọ́. Á jí, á wẹ̀, á wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, á so táì, ó di ìdí kọ̀ǹpútà lókè. Èdè Brazil là ń gbọ́ láti orí àtẹ̀gùn. Àwa wà nísàlẹ̀, ní yàrá ẹ̀gbẹ́ kíṣìnì, torí ọkọ mi ò lè gun àtẹ̀gùn mọ́. Ọkàn rẹ̀ ò lágbára mọ́. Dókítà ti ní ká má gbé e wá sí hospital mọ́, ká jẹ́ kó sinmi nílé.

Ní ọjọ́ kìíní, ọkọ mi jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń wo ilẹ̀kùn títí tíì rẹ̀ fi tutù. Ọjọ́ kejì, bẹ́ẹ̀ náà ni. Ní ọjọ́ kẹta mo ní kí n lọ pè é wá.

"Ta lo fẹ́ lọ pè?"

"Ọmọ ọmọ yín."

"Èyí tó ti rìnrìn àjò? Ẹni tó wà nílé ló ń kí ni. Jẹ́ kó dé ná."

Ọmọ wa obìnrin ti ibi iṣẹ́ dé, òun náà bẹ̀ ẹ́. "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kàn gbàdúrà fún un. Schedule wọn ló le."

"Ta ni n ó gbàdúrà fún? Ọmọ tí mi ò rí? Ṣé schedule ló bí i ni?"

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré lójú mi. Ní ilé tiwa, ọmọ kì í lọ sí ọ̀nà jíjìn láìjẹ́ pé àgbà gbé ọwọ́ lé e lórí, kó súre fún un. Mo mọ̀ pé ọjọ́ ọkọ mi ò pọ̀ mọ́. Mo mọ̀ pé ọjọ́ ọmọ náà ti ń súnmọ́. Bí ọ̀kan nínú wọn bá lọ kí ọwọ́ yẹn tó kan orí yẹn, èmi tó kù ni n ó máa gbé e kiri. Mo ń rò ó bí mo bá ń ṣa ẹ̀wà, mo ń rò ó bí mo bá ń fọ abọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo gbé ìrẹsì àti dòdò lọ sókè fún un. Ilẹ̀kùn ṣí díẹ̀. Ọmọ òyìnbó kan wà nínú kọ̀ǹpútà, òun náà so táì. Ẹnìkejì rẹ̀ ni, torí wọn kì í dá ṣiṣẹ́, méjì-méjì ni wọ́n ń lọ. Texas ni èyí wà, nínú ilé ìyá tirẹ̀. Wọ́n ń dánra wò: ọmọ òyìnbó ń ṣe bí onílé, tiwa ń ṣe bí oníwàásù. Tiwa fi ìka kan tábìlì, kó-kó-kó. Onílé ní "Hello?" Kíá, ìwàásù ti bẹ̀rẹ̀. Kò bèèrè bóyá onílé jí ire. Kò bèèrè bóyá oúnjẹ wà lórí iná.

Mo gbé abọ́ sílẹ̀. "Ṣé bí o ṣe máa ṣe ní Brazil nìyẹn?"

"Grandma, ẹ má bínú, mo wà ní class."

"Mo rí i. Ẹni tí ò ń wàásù fún yẹn, ó ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ."

Ọmọ òyìnbó bèèrè ohun tí mo wí. Tiwa túmọ̀ rẹ̀ fún un. Òyìnbó ní òótọ́ ni, òun ti fẹ́ tì í.

"Onílé kan wà nísàlẹ̀," mo ní. "Agídí rẹ̀ ju ti gbogbo Brazil lọ. Ẹ lọ fi tirẹ̀ dánra wò."

Ó wò mí. "Ṣé Bàbá ò mad sí mi?"

"Ó mad dáadáa. Ìdí tí mo fi ní kẹ́ ẹ lọ nìyẹn."

Ó bèèrè lọ́wọ́ olùkọ́ wọn, olùkọ́ ní kò burú. Ní aago méjì ọ̀sán ọjọ́ kejì, mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mò ń ká aṣọ, mo ṣe bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Kó-kó-kó.

"Ta ni?"

"Bàbá, èmi ni."

"Ìwọ ta?"

"Missionary."

"Wọlé."

Ó wọlé, fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọmọ òyìnbó wà nínú fóònù. "Bàbá, we have a message..."

"Padà síta."

"Sà?"

"Mo ní padà síta. Pa ilẹ̀kùn dé, kó o tún un kàn."

Ó jáde. Nígbà tó padà wọlé, ó dọ̀bálẹ̀ tòun ti fóònù, òyìnbó dojú bo kápẹ́ẹ̀tì. "Ẹ káàárọ̀ sà."

"Ní aago méjì? Ṣé àárọ̀ Brazil nìyẹn? Síta."

Mo fi aṣọ tí mò ń ká bo ẹnu. Lẹ́yìn ilẹ̀kùn, òyìnbó ń bèèrè bóyá wọ́n lé òun náà jáde. Tiwa ní bẹ́ẹ̀ ni, àwọn méjèèjì.

Lẹ́ẹ̀kẹta, ó pẹ́ kó tó kàn án. Ó wọlé jẹ́jẹ́, ó gbé fóònù sórí àpótí, ó nà gbalaja, táì rẹ̀ wà lábẹ́ àyà rẹ̀.

"Ẹ káàsán, Bàbá. Ẹ kú ìsinmi, sà." Kò dìde. "Ṣé ẹ sùn?"

"Mo sùn díẹ̀."

"Ẹsẹ̀ yín tó ń wú ńkọ́?"

Mi ò sọ ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ fún un. Àṣé òun náà ń gbọ́ tiwa láti òkè. Ojú ọkọ mi yí padà.

"Ó ti ń fà díẹ̀díẹ̀."

"Bàbá, ẹ má bínú pé mi ò wá kí yín láàárọ̀." Ohùn Yorùbá rẹ̀ ń ṣe ségesège, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dé ibi tó ń lọ.

"Dìde. Jókòó. Iṣẹ́ wo ni wọ́n rán ẹ?" Kí ó tó lanu, ọkọ mi nàka sí fóònù. "Èyí ńkọ́? Kò tíì kí mi."

Tiwa túmọ̀ rẹ̀. A gbọ́ tí àga ń dún ní Texas, a ò rí òyìnbó mọ́, ògiri nìkan là ń wò. Ó ti na ara rẹ̀ sílẹ̀ nínú yàrá ìyá rẹ̀. Ọkọ mi rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un.

Láti ọjọ́ yẹn, aago méjì ni wọ́n ń wá. Ọkọ mi ò gba ìjọ wọn, kò sì bá wọn jà. Ó ní òun àti Ọlọ́run òun ti pẹ́ lẹ́nu ọ̀rọ̀. Á gbọ́ wọn tán, á wá kọ́ wọn ní tirẹ̀: "Ilẹ̀kùn tí híńjì rẹ̀ ò rí òróró, bó o bá ṣí i, á ké. Ìkíni ni òróró. Ẹ má kánjú sọ ohun tẹ́ ẹ bá wá." Ọmọ náà sì ń jí ní aago mẹ́fà báyìí, ìlàjì wákàtí ṣáájú òfin wọn, kó lè rí àyè kí wa.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, iṣẹ́ dé pé físà Brazil ò tíì jáde, kó lọ máa ṣiṣẹ́ ní ìpínlẹ̀ mìíràn níbí ná. Tuesday tó tẹ̀ lé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ló máa wọ ọkọ̀ òfuurufú. Ọjọ́ Friday ló wá sọ fún bàbá rẹ̀ àgbà.

"Gbé mi dìde," ọkọ mi wí fún mi.

Mo fi àyà ti ẹ̀yìn rẹ̀. Ọmọ náà kúnlẹ̀. Ọwọ́ tí òòlù ti bà jẹ́ ní oríkèé wá sórí irun rẹ̀, ó sì pẹ́ níbẹ̀.

"Ilẹ̀kùn tó o bá kàn, ẹni ire ni á ṣí i. Èdè wọn ò ní wúwo lẹ́nu rẹ. Ebi ò ní pa ọ́ lójú ọ̀nà. Wàá lọ ire, wàá bọ̀ ire, wàá bá ìyá rẹ láyọ̀."

Kò sọ pé á bá òun. Mo gbọ́ ibi tó fò. Ó nàka sí fóònù: "Ìwọ náà, ọmọ Texas." Òyìnbó ò dúró de ìtumọ̀. "Àmín," ló wí.

Mo wọ kíṣìnì lọ, mo jókòó. Ẹrù tí mo ti ń gbé láti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà bọ́ sílẹ̀ gbì. Mo sunkún, mi ò mọ̀ pé ẹkún lè tuni lára bẹ́ẹ̀.

Láàárọ̀ Sunday, aago mẹ́fà, ọmọ náà wọlé, ó dọ̀bálẹ̀, ó kí i. Kò dáhùn. Ojú oorun ló ti lọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mi ò mọ̀. Mo sunkún rẹ̀, mo ṣì ń sunkún rẹ̀. Bí mo bá ń po tíì láàárọ̀, kọ́ọ̀pù méjì ni ọwọ́ mi ń gbé. Ṣùgbọ́n ohun tí mò ń bẹ̀rù ò ṣẹlẹ̀, mo sì ń dúpẹ́ rẹ̀ títí dòní.

Torí àrùn, wọn ò jẹ́ ká pọ̀ létí ibojì. Nígbà tí pásítọ̀ wa ní kí ọmọ náà wá bu erùpẹ̀, ó bọ́ síwájú, ó sì dúró. Ó yí padà, ó rìn lọ títí dé ibi tí àwọn mọ́tò wà. Ìyá rẹ̀ fẹ́ pè é, mo dì í lọ́wọ́ mú. Ọmọ náà rọra rìn padà wá, ó na ara rẹ̀ sórí koríko tòun ti ṣẹ́ẹ̀tì funfun.

"Ẹ kú ìsinmi, Bàbá."

Ó dúró díẹ̀, bí ẹni tó ń retí èsì, kó tó dìde bu erùpẹ̀. Ọjọ́ Sátidé ni a sin Àkànní.