Mínírà Tútù Tí Mo Béèrè Lọ́jọ́ Tí A Yẹ́ Dókítà Ọdúntán Sí

Dókítà Ìbíjọkẹ́ Ọdúntán kú lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, nílé rẹ̀ ní Ọ̀fàtẹ̀dó. Jẹjẹrẹ ọmú ló pa á. Ìkéde tí ilé ẹ̀kọ́ tó ti ń ṣiṣẹ́ gbé jáde ní "àìsàn ráńpẹ́" ni. Ọdún mẹ́rin gbáko ló fi bá a jà. Ta ló wá ń pe ìyẹn ní ráńpẹ́? Èmi ni. Èmi ni mo bá wọn kọ ìkéde náà, mo tún ní kí wọ́n wá àwòrán tó rẹwà fi sí i.

Ọdún mẹ́wàá ni mo fi ń pè é ní dókítà láìmọ ohun tó ń ṣe. Jẹjẹrẹ tó bá jókòó sójú kan, oníṣẹ́ abẹ lè gé e kúrò. Ìgbà tó bá rìn dé ẹ̀dọ̀ àti egungun ló máa ń pani. Purotéènì kan wà tí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ fi ń rìn. Ìbíjọkẹ́ ń ṣèwádìí èròjà kín-ń-kín kan tó ń di purotéènì náà mú, kí sẹ́ẹ̀lì má lè kúrò níbi tó wà. Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́ nínú ìwé ìròyìn yìí nígbà kan. Mo ní oògùn tó ń bẹ jẹjẹrẹ pé kó jọ̀ọ́ kó jókòó ni. Ó pè mí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Kò tíì di oògùn o, ìwádìí ni. Ṣùgbọ́n bó bá jókòó lóòótọ́, ẹni tó ń ṣe lè pẹ́ láyé sí i."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo rò pé èmi ni mo gbọ́n jù.

Inú fíríìsà kan ló ń tọ́jú èròjà náà sí, pẹ̀lú sẹ́ẹ̀lì tó gbà lára obìnrin mọ́kànlélógójì láti àwọn abúlé olóko kòkó tó yí Iléṣà ká. Ó ṣàlàyé fún Ìyá Ẹkúndayọ̀, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà, pé kò ní wò wọ́n sàn. Ìyá ní, "Éè burú, ọmọ mi. Mú un lọ. Bí èmi ò bá jèrè rẹ̀, ọmọ ọmọ mi á jèrè rẹ̀."

Lọ́dún méjì sẹ́yìn, lọ́jọ́ Ẹtì kan, ilé ẹ̀kọ́ yẹ́ Ìbíjọkẹ́ sí. Èmi ni olóòtú ètò. Oòrùn mú, mo gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sẹ́nu: "Ṣé kò sí mínírà tútù níbí ni?" Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gbẹ́ni Gbádéyan, alága ètò, sáré lọ sí yàrá ìwádìí, ó yọ wáyà fíríìsà tí wọ́n kọ "Ẹ MÁ YỌ Ọ́" sí lára, ó sì ki ti fíríìjì tí wọ́n kó mínírà ayẹyẹ sí bọ ibẹ̀. Kò sẹ́ni tó rántí dá a padà títí di ọjọ́ Ajé.

"Ẹ̀gbọ́n, gbogbo ẹ̀ ti yọ́." Ẹkún ni Ìbíjọkẹ́ fi sọ ọ́ fún mi lórí fóònù. Obìnrin mẹ́tàdínlógún nínú wọn ti kú nígbà náà, Ìyá Ẹkúndayọ̀ sì wà lára wọn. Ta la fẹ́ padà lọ bá? Àbí ká lọ hú sàréè?

Ilé ẹ̀kọ́ kọ ìròyìn pé iná ló lọ. Irọ́ ni. Ìgò méjì ni mo mu, ó sì tutù nini. Ẹlẹ́rìí wo lẹ tún fẹ́ lẹ́yìn ikùn mi? Síbẹ̀ mo dákẹ́, torí èmi ni wọ́n máa ń pè ṣe olóòtú lọ́dọọdún. Ọ̀rọ̀ bàtà olóṣèlú ni mò ń kọ sínú ìwé ìròyìn yìí nígbà náà. Ìbíjọkẹ́ ń fi àìsàn lára kọ lẹ́tà béèrè fíríìsà mìíràn, wọn ò dá a lóhùn.

Níbi ìsìnkú, Kàósárà, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, kúnlẹ̀ kí mi. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ béèrè mínírà lọ́jọ́ yẹn?" Ó dùn mí dé egungun, torí ọmọ náà ò fi mí ṣe ẹlẹ́yà. Ó kàn fẹ́ mọ̀ ni.

Èmi ni. Nítorí náà, kí ilé ẹ̀kọ́ ya ìròyìn irọ́ yẹn, kí wọ́n kọ òtítọ́: orúkọ mi ṣáájú, kí ti Gbádéyan tẹ̀lé e. Kí wọ́n ra fíríìsà tó ní sólà tirẹ̀ fún Kàósárà, kó lè máa bá iṣẹ́ náà lọ. Kí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ lọ sí abúlé kọ̀ọ̀kan lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹbí mọ́kànlélógójì yẹn. Èmi á bá a lọ. Ọmọ òṣómàáló ni mí, àwa tí a máa ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ajigbèsè títí a ó fi gba owó wa. Láti ọjọ́ Ajé, iwájú ọ́fíìsì rẹ̀ ni màá lóṣòó sí. Orúnkún mi ò dára mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ kí n dìde, kó mú ìwé òtítọ́ náà wá.