Aago Tí Ìjì Gbàgbé

Ara Ìjì kì í gba ìjókòó. Bí wọ́n bá ń ta ṣẹ́ẹ̀sì ní yunifásítì, bó bá ti sún ọmọ ayò kan báyìí, ó ti dìde nìyẹn, á máa yí tábìlì àwọn ẹlòmíì po bí adìyẹ tó ń wá ibi tí yóò yé ẹyin sí. Ìyá rẹ̀ tó ń ránṣọ ní láti inú oyún ló ti bẹ̀rẹ̀.

Ní Sátidé yẹn, àyè kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù nínú ikọ̀ ilé-ìwé. Òun àti ọmọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Àgbàlagbà, nítorí bó ṣe máa ń fọwọ́ lẹ́rán, ni wọ́n jọ ń dù ú. Ọdún tí Ìjì máa lò kẹ́yìn nílé-ìwé rèé. Bí wọ́n bá sì ta ọ̀mì, Àgbàlagbà tó ti fi ìlàjì máàkì ṣíwájú ló máa lọ.

Ayò náà dùn! Ìjì ti há ọba Àgbàlagbà mọ́ kọ̀rọ̀. Ó gbé ọmọ ayò tí wọ́n ń pè ní ilé-ìṣọ́ sí àárín, ó fò dìde, ó lọ wo tábìlì kejì, ó wo ìkẹta. Bó bá bojú wẹ̀yìn, Àgbàlagbà ṣì fọwọ́ lẹ́rán. Inú Ìjì ń dùn ṣìnkìn: Àgbàlagbà ti kó sí pańpẹ́ òun!

Àṣé kò tẹ aago orí tábìlì tó ń ka àsìkò àwọn méjèèjì. Bí èèyàn ò bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn tó sún ayò, àsìkò tirẹ̀ náà ni yóò máa jẹ lọ, bó bá sì tán, ó pàdánù nìyẹn. Nígbà tí Ìjì padà dé, ìṣẹ́jú kan péré ló bá. Ogún ṣì wà lọ́wọ́ Àgbàlagbà.

"O rí i, o ò sọ̀rọ̀!" ni Ìjì kígbe.

"Ṣé èmi ni màmá ẹ ni? Ó yá, jẹ́ ká fi sí ọ̀mì."

"Ọ̀mì kẹ̀? Ta ayò, jàre!"

"Ẹ dákẹ́ ńbẹ̀ yẹn!" ni adájọ́ wí.

Ìjì jókòó. Ó sún, ó tẹ aago, pá! Àgbàlagbà náà sún wàrà, kí Ìjì má baà ráyè ronú. Pá! Pá! Ẹni tó ní ogún ìṣẹ́jú wá ń sáré ju ẹni tó ní ẹyọ kan lọ. Ó ku ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlá fún Ìjì nígbà tí Àgbàlagbà sún ọba rẹ̀ láìwò. Ẹṣin Ìjì fò wọlé, ó dojú kọ ọba àti ayaba lẹ́ẹ̀kan náà. Ọba gbọ́dọ̀ sá. Ẹṣin bá pa ayaba.

Àgbàlagbà na ọwọ́ sí i pé òun gbà. "Ogún ìṣẹ́jú," ló ní. "Ta ló ń lé mi gan-an?"

 Adájọ́ na bírò sí Ìjì kó wá kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ikọ̀, orí ìdúró ló sì ti kọ ọ́.