Bálúùnù Inú Ikùn Dúpẹ́ àti Iyán Màmá Àgbà

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fún mi láyè díẹ̀ kí n ròyìn ohun tójú mi rí ní Ọ̀rà lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé mi kì í sábà kọ nǹkan nípa ara mi síbí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí kò kúrò lọ́kàn mi, Dúpẹ́ fúnra rẹ̀ sì ti ní kí n kọ ọ́, pé ó lè ran ẹlòmíì lọ́wọ́. Nítorí náà, mi ò tú àṣírí ẹnikẹ́ni o!

Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ni Dúpẹ́. Oṣù kan náà ni wọ́n bí wa. Láti kékeré làwa méjèèjì ti sanra, débi pé tá a bá ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀ ní Ìlá, àwọn ọmọ àdúgbò á máa pè wá ní Tírélà Kìíní àti Tírélà Kejì. Èmi ni Kejì. Ó máa ń dùn wá gan-an. Àmọ́ ẹ má rẹ́rìn-ín, ó tún máa ń tù mí nínú pé èmi nìkan kọ́. Tí aṣọ kan kò bá gba Dúpẹ́, mo mọ̀ pé kí n má wulẹ̀ dán an wò.

Ẹ wá wo ọjọ́ Jímọ̀ yẹn tó sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò ní Ìlá, tó ń ti Èkó bọ̀. Mi ò kọ́kọ́ dá a mọ̀! Ọrùn ti yọ. Egungun èjìká ti hàn. Ó wọ ṣòkòtò jíìnsì kan báyìí, ó sì ki ẹ̀wù bọ inú rẹ̀. Àwa kì í ki ẹ̀wù bọ inú ṣòkòtò!

Kí ló kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn? Ṣé "káàbọ̀" ni? Rárá o. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé ó ti fi mí sílẹ̀.

Mo dì mọ́ ọn, mo sì rẹ́rìn-ín. Àmọ́ inú mi ń ta bí ẹni tó mu omi ata.

Ó ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ lórí Wasáàpù pé wọ́n fi nǹkan kan sóun nínú, pé èmi nìkan lòun sọ fún, kí n má jẹ́ kí màmá òun gbọ́. Bálúùnù ni. Ní ilé ìwòsàn kan l'Ékòó, wọ́n tì í gba ẹnu rẹ̀ wọ inú ikùn, wọ́n wá rọ omi sínú rẹ̀ kó lè wú, kó gba àyè tí oúnjẹ ì bá gbà. Tó bá ti jẹun díẹ̀, ó ti yó nìyẹn. Tó bá di oṣù mélòó kan, wọ́n á yọ ọ́.

Ẹ ò lè kàwé kẹ́mísírì jáde kẹ́ ẹ wá máa gba ọ̀rọ̀ gbọ́ bí wọ́n bá ṣe sọ ọ́. Bá a ṣe wọ yàrá mi báyìí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í da ìbéèrè bò ó. Mo ní ṣé bálúùnù ló mú un rù ni, àbí àìjẹun? Ẹnikẹ́ni tó bá ń jẹ ìwọ̀n oúnjẹ tí ológbò ń jẹ, ṣé kò ní rù? Kí ni iṣẹ́ bálúùnù níbẹ̀?

Dúpẹ́ ní ó dáa. Ó ní tó bá rọrùn bẹ́ẹ̀, kí ló dé témi ò tíì jẹun bí ológbò látọjọ́ yìí?

Ẹ ẹ̀ rí i!

Ó wá rí bẹ́líìtì mi lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Èmi náà ṣáà ní ẹ̀rọ tèmi. Iná ló fi ń ṣiṣẹ́, èèyàn á so ó mọ́ ikùn, á wá máa gbọ̀n rìrì. Ẹni tó tà á fún mi ní ọ̀rá ikùn á máa yọ́ bí òrí tí wọ́n gbé sóòrùn. Mo ti ń so ó látìgbà Àjíǹde. Ọ̀rá wà níbi tó wà.

"Mojí, ṣé o rò ó dáadáa ṣá?" Dúpẹ́ ti ń rẹ́rìn-ín kó tó sọ ọ́ tán. "Tó bá jẹ́ pé gbígbọ̀n ló ń mú èèyàn rù, gbogbo ọlọ́kadà tó ń gba ọ̀nà Ọ̀rà ì bá ti rí bí igi ìgbálẹ̀!"

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ohun tó jẹ́ kó dùn mí nìyẹn.

Mo tún gbìyànjú. Mo ní tí wọ́n bá yọ bálúùnù yẹn ńkọ́? Ṣé ebi kò ní padà wá? Ó ní dókítà ti sọ bẹ́ẹ̀ fóun, pé ara lè padà, pé kì í ṣe idán. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní ẹnì kan tó ń kọ́ òun bí òun á ṣe máa jẹun, kí òun lè fi ìgbà tí bálúùnù bá wà nínú òun kọ́ ìwà tuntun. Ó ní kì í kúkú ṣe nítorí jíìnsì lòun ṣe ṣe é. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló ti bẹ̀rẹ̀ lára òun. Lọ́jọ́ orí wa yìí! Dókítà ní kí òun wá nǹkan ṣe sí ìsanra náà.

Mi ò mọ ìyẹn tẹ́lẹ̀. Ó yẹ kí àánú rẹ̀ ṣe mí. Àbí kò yẹ? Ṣùgbọ́n nígbà tá a jọ jáde lọ ra káàdì fóònù, ọkàn mi tún yí padà. Àwọn ọ̀dọ́ ń kí i, "Dúpẹ́, o ti di ọmọge o!" Àwọn àgbà ń fà á mọ́ra, wọ́n ń béèrè pé kí ló ṣe é, ṣé ara ò yá ni. Àwọn kan ń yìn ín, àwọn kan ń káàánú rẹ̀. Èmi tí mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí òpó iná, ta ló yìn mí? Ta ló káàánú mi? Kódà àánú, ó gbà á mọ́ mi lọ́wọ́!

Ó wá di ọjọ́ Sátidé. Màmá Dúpẹ́, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Ìgbájọ torí pé ibẹ̀ ni wọ́n lọ́kọ sí, gbé mọ́tò wọn wá kí àwa mẹ́ta lè jọ lọ sọ́dọ̀ Màmá Àgbà, ìyá tó bí àwọn àti bàbá mi, ní Ọ̀rà. Iṣu tuntun ti jáde. Nínú ìdílé tiwa, kò sẹ́ni tó ń jẹ iṣu tuntun kó tó jẹ ẹ́ lọ́wọ́ Màmá Àgbà. Àwọn ni wọ́n máa ń gé òkèlè àkọ́kọ́, wọ́n á ràn án lọ́bẹ̀, wọ́n á fi í sí ọ lẹ́nu, wọ́n á sì máa wò ọ́ títí wàá fi gbé e mì. Ẹ̀yìn ìyẹn ni àdúrà. A kì í rún òkèlè náà o. Gbígbé ni. Ẹni tó bá rún un, wọ́n á ní ọmọ yìí ò mọ iyán jẹ.

Ẹni tó sì ní bálúùnù nínú, rírún ni wọ́n ní kó máa rún gbogbo ohun tó bá jẹ, kó rún un kúnná. Nǹkan tó bá ki, tó sì ń lẹ̀, dókítà ní kó jìnnà sí i. Dúpẹ́ sọ fún mi nínú yàrá pé òun á kàn dọ́gbọ́n sí i ni.

Ọgbọ́n wo! Màmá Àgbà rí i, wọ́n pariwo. Wọ́n di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, wọ́n ń yí i síwá sẹ́yìn. Wọ́n ní ẹ̀yin ará Èkó, kí lẹ fi ń bọ́ ọmọ mi? Nígbà tí iyán délẹ̀, wọ́n gé òkèlè tèmi, kékeré báyìí, wọ́n gbàdúrà wéré. Wọ́n wá gé ti Dúpẹ́. Ẹ ẹ̀ rí òkèlè! Ó tó ìkúùkù ọwọ́ mi! Ẹran tó tóbi jù nínú abọ́ ni wọ́n mú fún un.

Dúpẹ́ wò mí. Mo mọ ohun tí ojú yẹn ń sọ: Mojí, gbà mí. Mo lè sọ pé inú ń run ún. Mo lè sọ pé ó ti jẹun nílé. Kí ni mo ṣe? Mò ń wo ọbẹ̀ ẹ̀gúsí bí ẹni tí wọ́n ní kó ka ẹ̀gúsí inú rẹ̀. Mò ń sọ nínú ara mi pé ẹ̀rọ tó ń fi yangàn sí mi, ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ ká rí i.

Ó gbé e mì. Inú Màmá Àgbà dùn, wọ́n tún gé òmíràn. Ó gbé ìyẹn náà. Ló bá dìde, ó sáré gba ẹ̀yìnkùlé, a sì ń gbọ́ ọ tó ń bì nídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀.

"Láti ìgbà wo?" Màmá Ìgbájọ ló sọ̀rọ̀, ohùn wọn sì tín-ín-rín. Mi ò tètè lóye. Wọ́n tún un sọ nígbà tí Dúpẹ́ wọlé padà: láti ìgbà wo loyún ọ̀hún ti wà níbẹ̀?

Oyún kẹ̀! Ẹ gbọ́, mo rò ó wò, mo sì rí i pé bí wọ́n ṣe rò ó bára mu. Ọmọbìnrin tí kò tíì lọ́kọ, tó rù lójijì, tí iyán ń rìn ín, tó ń bì. Ní ilẹ̀ wa níbí, ta ló máa ronú kan bálúùnù?

Dúpẹ́ ní kì í ṣe oyún. Màmá Ìgbájọ ní gbogbo wọn ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń sunkún pé ọkọ àwọn á pa àwọn, torí àgbà ìjọ ni, ó sì ti bá ọmọ àwọn ẹlòmíì wí lórí ọ̀rọ̀ yìí kan náà. Màmá Àgbà ní ẹkún kọ́, kó sáà dárúkọ ọmọkùnrin náà, kí wọ́n lọ mọ ilé wọn. Màmá Ìgbájọ ti mú fóònù, wọ́n ń wá nọ́ńbà bàbá Dúpẹ́. Bí bàbá yẹn bá gbọ́, ariwo á gba gbogbo ìjọ kó tó di Sọ́ńdè. Ta ló tún máa gbà gbọ́ lẹ́yìn ìyẹn pé kò lóyún rí?

Dúpẹ́ kàn ń mi orí, kò dárúkọ bálúùnù.

Mi ò ní purọ́ fún yín. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi díẹ̀. Ọmọge tín-ín-rín ti di ẹni ìtìjú, Tírélà Kejì ti di ọmọ gidi! Àmọ́ Màmá Àgbà kọjú sí mi. Wọ́n fi oríkì mi pè mí, wọ́n ní, "Àjíkẹ́, ìwọ tí o kì í sọ ohun tí kò dá ọ lójú, ṣé oyún ni?"

Mo wo Dúpẹ́. Ó fi orí dá mi lóhùn pé kí n sọ.

"Kì í ṣe oyún, Màmá. Bálúùnù ni."

"Bálúùnù? Èyí táwọn ọmọdé ń fẹ́ lọ́jọ́ ọdún? Ta ló fẹ́ ẹ sí i nínú?"

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, ẹkún fẹ́ pa mí. Mo ṣàlàyé látìbẹ̀rẹ̀: ẹ̀jẹ̀ ríru, ilé ìwòsàn, omi, rírún. Wọ́n ní ṣé kò lè bẹ́? Mo ní ó lè jò, ṣùgbọ́n wọ́n po aró mọ́ omi rẹ̀, tó bá jò, ìtọ̀ á yí àwọ̀ padà, Dúpẹ́ á sì sáré lọ bá dókítà. Ó yà mí lẹ́nu pé èmi tí mo bẹnu àtẹ́ lu bálúùnù yìí lọ́jọ́ Jímọ̀ ni mo tún dúró tí mò ń gbè é lẹ́sẹ̀.

Màmá Ìgbájọ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Fóònù tí wọ́n fẹ́ fi pe bàbá, Dúpẹ́ gbà á, ó fi pe ilé ìwòsàn. Wọ́n ní kó máa mu omi díẹ̀díẹ̀, kó sinmi, tí èébì náà kò bá dáwọ́ dúró kó wá kíákíá. Ó dáwọ́ dúró.

Màmá Àgbà sọ pé, "Ẹ̀yin ọmọ yìí! Mo rò pé ebi ló ń pa ọmọ mi. Ó mà ń sanwó kí ebi má baà pa á!"

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n gé iyán tí kò ju ẹyọ ẹ̀wà kan lọ, wọ́n ní kó rún un dáadáa. Èmi ò rí irú rẹ̀ rí nínú ìdílé wa. Wọ́n gbàdúrà tó gùn lé e lórí. Wọ́n wá béèrè lọ́wọ́ mi bóyá wọ́n á fi bálúùnù sí èmi náà nínú. Mo ní mi ò mọ̀, Màmá. Òótọ́ ni, mi ò mọ̀.

Màmá Ìgbájọ sùn síbẹ̀, Dúpẹ́ ló wa mọ́tò padà sí Ìlá. A ti rìn díẹ̀ kó tó bi mí pé kí ló dé tí mò ń wo ọbẹ̀ nígbà tóun ń wò mí.

Mo sọ fún un pé mò ń jowú ni.

Ó wá ní, "Èmi náà ń jowú ẹ lónìí. O jẹ iyán yẹn tán, o tún lá ọwọ́ lójú mi!"

A rẹ́rìn-ín títí ó fi rọra wa mọ́tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru tèmi wò. Kò tíì burú, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì ní kí n má fojú di í, kí n padà wá kí wọ́n tún un yẹ̀ wò. Ohun tí mo rí kọ́ rèé: kẹ́ ẹ tó sọ pé ẹ̀rọ kan dára tàbí kò dára, ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ara yín bóyá ẹ̀rọ náà lẹ̀ ń bá jà ni àbí ẹni tó ń lò ó. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ bi dókítà: kí ló lè ṣe, kí ni kò lè ṣe, kí ló máa ṣẹlẹ̀ tí wọ́n bá yọ ọ́? Kẹ́ ẹ sì sọ fún ẹni tó ń gé òkèlè fún yín nílé o!

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló ti lo bẹ́líìtì, ta ló ti fi bálúùnù sínú? Ṣé ó ṣiṣẹ́? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ kí n kà á, pàápàá ẹ̀yin tí ẹnì kejì yín rù tí ẹ̀yin ò rù. Mi ò ní dá yín lẹ́jọ́. Dúpẹ́ fi fọ́tò jíìnsì tuntun ránṣẹ́ sí mi láàárọ̀ yìí, mo kọ ọ́ sí i pé ó rẹwà. Ó rẹwà lóòótọ́. Ó ṣì ń ta mí nínú.