Oyin ní Òsì, Jíífíì ní Ọ̀tún

Ó ti rẹ Mọ́rúfù. Kì í ṣe iṣẹ́ ló rẹ̀ ẹ́ o. Iṣẹ́ àga ló ti ń ṣe láti kékeré, ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Òkókómaíkò, níbi tó ti máa ń bó lẹ́dà gbígbó kúrò lára àga onítìmùtìmù, táá sì fi tuntun wọ̀ ọ́. Egbò ẹnu ló mú kó rẹ̀ ẹ́. Ọ̀kan wà nínú ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, ọ̀kan wà ní òsì. Kò lè fẹnu kan ata mọ́. Odidi baálé ilé, ògì tútù ló ń mu sùn.

Nọ́ọ̀sì tó lọ bá ní Ìbà bi í bóyá ó ń mu sìgá, bóyá ó ń jẹ tábà tàbí obì. Ó ní rárá, òun kì í fi nǹkan kan sẹ́nu. Nọ́ọ̀sì ní kó máa fi omi iyọ̀ ṣan ẹnu, ó sì dá ọjọ́ fún un. Tí egbò náà ò bá tíì jinná nígbà náà, wọ́n á gé díẹ̀ lára rẹ̀ lọ yẹ̀ wò. Kò dárúkọ jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n Mọ́rúfù gbọ́ ọ. Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀rù ti ń bà á.

Omi iyọ̀ kàn ń ta á lẹ́nu lásán ni. Akínṣọlá tó ń ta lẹ́dà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní kó ra jíífíì ní kẹ́míìsì, oògùn elésè àlùkò tí wọ́n máa ń fi kun ẹnu ọmọdé tó bá dégbò. Àdìjá, ìyàwó rẹ̀, ní kò sóhun tó dà bí ojúlówó oyin. Ẹ wá wo àríyànjiyàn o, lórí ẹnu ẹlẹ́nu! Nígbà tí ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì sú Mọ́rúfù, ó fi oyin sí òsì, ó fi jíífíì sí ọ̀tún, kí ẹni tó máa yege yege.

Òsì jinná. Ọ̀tún kàn di elésè àlùkò ni. Àdìjá fi Akínṣọlá ṣe yẹ̀yẹ́ títí ọkùnrin náà fi ń sá fún un. Ni Mọ́rúfù bá kó oyin lọ sí ọ̀tún, láàárọ̀, lálẹ́. Egbò náà ò tilẹ̀ mira, ọjọ́ nọ́ọ̀sì sì ń sún mọ́lé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Àdìjá gbé ògì wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ọkọ rẹ̀ tẹ̀ ba sórí àga kan, ó ń kan ìṣó. Ó bi í bóyá ó ti fi oyin sí i, ọkùnrin náà sì fi igun ẹnu dáhùn, bó ṣe máa ń dáhùn láti ọjọ́ pípẹ́ wá. Ọjọ́ yẹn ni Àdìjá ṣẹ̀ṣẹ̀ wò ó dáadáa. Ìṣó wẹ́wẹ́ ló kún ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún rẹ̀. Ahọ́n á ti ọ̀kan jáde, ìka á gbà á, òòlù á gbá a wọlé. Bí gbogbo oníṣẹ́ àga ṣe ń ṣe é nìyẹn. Nígbà tí ọ̀tún kọ́kọ́ ń dùn ún, òsì ló kó wọn lọ, títí òsì náà fi dégbò, kó tó tún kó wọn padà sí ọ̀tún.

Àdìjá na àtẹ́lẹwọ́ sábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀.

“Ẹ tu wọ́n síbí, Bàbá Jímọ̀.”

Ó tu wọ́n. Ìṣó náà tutù fún itọ́, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ wà lára wọn.

“Ibi tí wọ́n ń sùn sí ni ò jinná,” ni Àdìjá wí. “Oyin mi ò ṣe nǹkan kan.”

Ó dùn ún láti sọ ọ́. Mọ́rúfù jókòó sórí fóòmù. Nọ́ọ̀sì kúkú bi í léèrè. Ta ló ń ka ìṣó mọ́ ohun téèyàn ń fi sẹ́nu? Bí ọ̀gá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ nìyẹn.

Nígbà tí ọjọ́ nọ́ọ̀sì pé, egbò ọ̀tún ti ń kó ara jọ. Nọ́ọ̀sì tan iná wò ó, ó ní kí gígé ṣì dúró ná, ṣùgbọ́n kí ìṣó má dé ẹnu rẹ̀ mọ́ láéláé.

Inú agolo mílíìkì ni ìṣó ń gbé báyìí, iṣẹ́ sì ń falẹ̀. Mọ́rúfù ní àfi bíi pé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́. Ó máa ń gbàgbé. Ọwọ́ rẹ̀ á lọ sẹ́nu, kò ní bá nǹkan kan, á kàn dúró síbẹ̀. Tí Àdìjá bá wà nítòsí, á mú ìṣó kan nínú agolo, á fi sáàárín ìka tó ń dúró lẹ́bàá ètè ọkọ rẹ̀.