Igbó Ẹ̀yìn Ilé Búrẹ́dì

Òórùn búrẹ́dì gbígbóná ló máa ń pàdé ẹni lẹ́yìn ilé iṣẹ́ wa ní Agége nígbà yẹn. Tó o bá rìn síwájú díẹ̀, òórùn ewé tútù á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Igbó kékeré kan ló wà níbẹ̀ tẹ́nì kankan ò gbìn: ìrókò, àfàrà, ọ̀gànwó, tí wọ́n ti wà kí Agége tó di Agége. Ká má parọ́, ìfẹ́ igbó kọ́ ló kọ́kọ́ gbé mi débẹ̀, ooru ààrò ni.

Baba tó ni ilẹ̀ náà ti darúgbó, orúnkún ò jẹ́ kí wọ́n débẹ̀ mọ́. Nígbà tí mo gbọ́ pé ọmọ wọn fẹ́ tà á fáwọn tó ń wá ibi ìgbọ́kọ̀sí, mi ò fẹ́ kí wọ́n gé àwọn igi náà. Mo ra ọ̀dà pupa, mo kọ ohun tí ará Èkó máa ń kọ sára ilé wọn sára ògiri tó wà níwájú igbó náà: "Ilẹ̀ yìí kì í ṣe títà." Ọgbọ́n àgbọ́njù ni. Mo gbàgbé pé ibi tí wọ́n bá kọ ọ́ sí gan-an làwọn ajẹ́ńtì tó ń bá ni ta ilẹ̀ ti ń mọ̀ pé ẹnì kan fẹ́ tà. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, mẹ́ta ti dé.

Mo lọ kúnlẹ̀ fún Baba, mo jẹ́wọ́. Ẹ̀rín ni wọ́n rín, wọ́n ní kí èmi àti ọmọ wọn fà wọ́n lọ́wọ́ wọ inú igbó. Wọ́n ń fọwọ́ kan igi kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń pe orúkọ rẹ̀ bí ẹni ń kí ará ilé. Lára ọ̀gànwó kan, wọ́n fi àpá méjì hàn wá, ọ̀kan níhà ìlà oòrùn, èkejì níhà ìwọ̀ oòrùn. Ìyá Baba ló bó èèpo náà fún àgbo nígbà tí ibà dá Baba dùbúlẹ̀ lọ́mọdé. Wọn kì í bó o yíká, kí igi má baà kú.

Baba wá yíjú sọ́mọ wọn. "Mi ò ní kó o má tà á. Lọ́jọ́ tó o bá lè ka orúkọ gbogbo igi inú ẹ̀ fún mi, wá gbàwé ilẹ̀."

Ọkùnrin náà mú un bí iṣẹ́. Gbogbo Sátidé ló ń wá ya fọ́tò ewé. Mo pa ọ̀rọ̀ ara ògiri rẹ́, mo ń bá a kó ọ̀rá tí afẹ́fẹ́ gbé wọlé, mo sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ tó bá pe ìrókò ní àfàrà. Kó tó di òjò ọdún kejì, ó kà wọ́n tán fún Baba lójú mi, kò ṣì í rárá. Baba nawọ́ ìwé sí i.

Ó wo ìwé náà títí, kò gbà á. "Ẹ ṣì bá mi tọ́jú ẹ̀, Baba mi. Mi ò mọ igi tí mo fẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ gé."

Inú mi dùn débi pé omi bọ́ lójú mi. Ọjọ́ náà ló yé mi pé ọ̀dà ò lè ṣọ́ igbó; ẹni tó bá mọ orúkọ igi ló lè ṣọ́ ọ.